Bí ehoro bá ń gé ike jẹ nínú àgò, etí ike ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ ǹlẹ́ o. Ohun tí ẹ sọ ni pé abo ehoro yín, ọmọ oṣù 7, wà nínú àgò onínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé ní Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́. Ó ti jẹ etí abọ́ omi ike, ó ti jẹ igun àwo ìgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń fa ọ̀rá tí ẹ fi bo àgò nítorí òjò wọlé. Ẹ fi ata pa abọ́ náà lára, kò gbọ́. Ẹ ní kí la lè ṣe tí yóò fi ṣíwọ́.

Kò ní ṣíwọ́ jíjẹ nǹkan. Eyín ehoro kì í yéé hù títí tó fi máa kú. Eyín iwájú nìkan ń fi nǹkan bíi mìlímítà 2 gùn sí i lọ́sẹ̀ kan, èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lọ́dún. Koríko ló ń bá a dín in kù. Ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tí eyín yẹn yóò bà lé, ike kò sì gbọdọ̀ sí lára rẹ̀, torí ehoro kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, àfi kó gba ìdí jáde, ìfun rẹ̀ kò sì gba ìdènà rárá.

Kí ẹ tó lọ ra nǹkan kan lọ́jà, ẹ wo ibi tí eyín ti bà lára ike náà. Ehoro kò lè fi eyín mú ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí, igun, ẹnu ihò àti ibi tí wọ́n ti so nǹkan pọ̀ ló ń mú. Ẹ tún wo àkókò tó ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ nìkan ni, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń lọ, ó fẹ́ jáde ni, torí àsìkò tí ara rẹ̀ máa ń yá gágá nìyẹn. Bó bá ń gbé abọ́ sókè tó ń jù ú nù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi ti tán. Bó bá ń ya ike wẹ́wẹ́ tó ń fi ẹnu kó o lọ sí igun kan, tó sì ń fa irun àyà ara rẹ̀ tu, ìtẹ́ ló ń kọ́. Abo ọmọ oṣù 7 lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò tilẹ̀ rí akọ rí, oyún èké yìí sì máa ń gbà á tó ọjọ́ 16 sí 18. Ẹ fún un ní àpótí pákó kékeré àti koríko gbígbẹ púpọ̀, kó fi ìyẹn kọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bó bá ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí kò sí ibi tí kò dé, koríko rẹ̀ kò tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ ehoro àti ike nìyẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Oúnjẹ oníhóró tí à ń rà nínú àpò kì í gba ehoro ní àkókò. Yóò rún un, yóò gbé e mì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti tán, ẹnu yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Koríko gígùn ló ń mú kí àgbọ̀n rẹ̀ máa lọ sọ́tùn-ún sósì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí eyín inú fi ń lọ ara wọn. Nítorí náà, ẹ wọn oúnjẹ oníhóró: gíráàmù 25 fún kílò kan ìwúwo ara rẹ̀ lójúmọ́. Ehoro tó bá wọn kílò 2 ń gba gíráàmù 50, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Koríko ní tirẹ̀ kò ní òṣùwọ̀n. Òkìtì tó tó bí ara ehoro náà fúnra rẹ̀ ni kó wà níwájú rẹ̀ lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ tán mọ́jú.

Nílùú Àkúrẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó yẹ kó sọ pé òun kò rí koríko. Eèsún ń bẹ létí odò àti ní ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́. Ẹ gé e kó tó le koránkorán, ẹ sì fi igi rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀ kún un fún eyín. Ewé yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún dára láti fi kún un. Lásìkò àgbàdo, ẹ gba èèpo àgbàdo lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń sun ún lẹ́bàá ọ̀nà kó tó dọ̀tí. Ẹ má fún un ní ṣùkù rẹ̀ o, ó ń dí ìfun bí ike náà ṣe ń dí i. Ibi tí wọ́n bá ti fọ́n oògùn apakoríko, ẹ má ṣe gé koríko níbẹ̀, kódà bó bá tutù yọ̀yọ̀. Koríko tuntun tí kò jẹ rí, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ wọ inú tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 7.

Koríko tútù tí ẹ bá kó jọ bí òkìtì yóò gbóná láàárín, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, ikùn ehoro yóò sì wú bó bá jẹ ẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́ sórí nẹ́ẹ̀tì tàbí àtẹ oparun. Bó bá di ìgbà ọyẹ́, ẹ sá a pamọ́ de òjò: ẹ gé e lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 2 sí 3, títí igi rẹ̀ yóò fi dá pàkà dípò kó tẹ̀. Àpò ìdọ̀họ lẹ máa kó o sí. Nínú ọ̀rá, yóò bu, koríko tó bá sì ti bu, ẹ dà á nù.

Ó wá ku àwọn ike náà.

Abọ́ omi: àwo amọ̀ tó wúwo, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí etí rẹ̀ sì nípọn. Irú amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní Ìṣàn-Èkìtì yẹn dára fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì ṣe é, sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 sí yanrìn ìwọ̀n 2, ẹ mọ ọ́n sáàárín abọ́ méjì tí ọ̀kan kéré ju èkejì lọ, kí etí rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹnu ehoro má lè ká a. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 7, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Àwọn tó máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń sọ pé ehoro àwọn kọ omi. Omi tó wà nínú abọ́ sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń ta ẹnu.

Bó bá jẹ́ ìgò tó ní orí onírin lẹ̀ ń lò, ìta ni kí ìgò wà, kí ó jìnnà sí nẹ́ẹ̀tì tó ìka 2, kí orí irin nìkan wọlé. Rọ́bà tó ń gbé omi kò gbọdọ̀ gba inú àgò kọjá níbi kankan.

Àwo ìgbẹ́: ẹ kàn sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Bí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 bá wà láàárín rẹ̀ àti nẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, eyín kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rá òjò ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo èyí tí ẹ kà sílẹ̀. Abọ́ ike máa ń já wẹ́wẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ehoro máa ń tu dà nù. Ọ̀rá kì í já wẹ́wẹ́. Gígùn ló ń wọlé, ó ń ká jọ nínú ikùn pẹ̀lú irun tí ehoro lá mọ́ra. Okùn tó ń tú lára àpò ike aláhunpọ̀, irú èyí tí wọ́n ń di ìrẹsì sí, burú bákan náà, ẹ má tẹ́ ẹ sínú àgò. Ẹ fi páànù ṣe òrùlé, kó yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tí a hun dí apá tí òjò ti ń fẹ́ wá. Bó bá jẹ imọ̀ ọ̀pẹ, kò burú. Bó bá di dandan kí ẹ lo tapólíìnì, ẹ kan igi sáàárín kó má fara kan nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ìgò omi dídì sínú àgò nígbà ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ike nìyẹn náà. Ẹ lo táìlì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un kó sùn lé e lórí. Wáyà iná ńkọ́? Ẹ gbé e sókè ògiri tó mítà 1, kí ẹ má fi páìpù ike bò ó, yóò jẹ páìpù náà débi wáyà.

Níbi tí ẹ ti yọ ike kúrò gan-an ni kí ẹ so ohun jíjẹ mìíràn sí, torí ibẹ̀ ni yóò padà wá. Ẹ̀ka gúáfà tó nípọn bí àtàńpàkò, gígùn sẹ̀ǹtímítà 20, pẹ̀lú èèpo lára, 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ so ó lóòró mọ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ìdí wáyà ìso wà níta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 sí 4. Oparun dára bí ẹ bá gé e ní odindi tí ẹ sì fi yanrìn ha ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá là á, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Páálí dára bí ẹ bá bó tépù ara rẹ̀ kúrò. Igi gbágùúdá rárá, májèlé wà nínú rẹ̀. Lápálapá tí wọ́n fi ṣọgbà yẹn rárá, ewé àti èèpo igi píà náà rárá. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, ẹ gbé e jìnnà.

Ní ti ata: ehoro máa ń fi ọwọ́ iwájú nu ojú, nítorí náà ata tí ẹ fi pa abọ́ yóò dé ojú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Ewúro? Ehoro púpọ̀ ń jẹ ewúro bí ẹni ń jẹ tẹ̀tẹ̀. Kẹrosíìnì, ísáàlì àti ọ́ìlì mọ́tò kò ṣeé gbọ́ sétí, yóò lá a ni. Ẹ má sì lù ú o. Eegun ẹ̀yìn ehoro kì í pẹ́ dá bó bá ta pọ́nún.

Ọ̀rọ̀ bí àyè tó ń gbé ṣe fẹ̀ tó náà wà níbẹ̀. Rabbit Welfare Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìtọ́jú ehoro nílẹ̀ Bírítéènì, ní mítà 3 sí mítà 2, gíga mítà 1, ló tọ́ sí ehoro 2. Àgò tí a ń kàn níbí kì í tó ìlàjì ìyẹn, nítorí náà ẹ máa tú u sílẹ̀ nínú ọgbà tó ní ìdènà fún wákàtí 3 lójúmọ́, kí ẹ mú un bọ́ sí ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tó sì tún ń wá nǹkan líle jẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò. Eyín iwájú ti òkè ló yẹ kó bọ́ síwájú ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bó bá wọ́, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ ń tutù fún itọ́, dókítà ẹranko ni kó gé e. Nẹ́ẹ̀kọ́tà ń la eyín dé gbòǹgbò.

Torí pé ó ti ń jẹ ọ̀rá, ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tó bá kéré ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fi koríko àti omi kún un. Tí kò bá yàgbẹ́ rárá, tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ fún wákàtí 12, tó káwọ́ jókòó, tó ń rún eyín, tí ikùn rẹ̀ le, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lóru ọjọ́ náà. Ẹ má fún un lépo, ẹ má sì ra ampicillin tàbí amoxicillin ní kẹ́míìsì fún un. Bí oògùn wọ̀nyẹn bá gba ẹnu wọlé, wọ́n á pa kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, òun náà á sì tẹ̀ lé wọn.