Hajarul Aswad: irú òkúta wo ni?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi pé ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Háàjì dé. Èrò pọ̀ débi pé màmá kò ráyè fọwọ́ kan Òkúta Dúdú ara Káábà, tí à ń pè ní Hajarul Aswad, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn wọ́n títí di òní. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tún wá ń sọ fún màmá pé òkúta tó já bọ́ láti ojú sánmà ni, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ó béèrè pé: ṣé òótọ́ ni? Ṣé Háàjì màmá sì pé?

Arábìnrin mi, ẹ kú oríire, màmá lọ, wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti orí òkúta bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì sí ẹni tó fìdí ohunkóhun múlẹ̀. Kí onímọ̀ òkúta tó lè sọ pé irú báyìí ni òkúta kan, ó sábà máa ń ní láti bu díẹ̀ lára rẹ̀, kó lọ̀ ọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ta ni yóò bu Hajarul Aswad? Àbá ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, inú ohun tí ojú rí àti ohun táwọn òpìtàn kọ ni wọ́n ti fà á yọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé odidi òkúta kan gìrìwò ló wà ní igun ìlà-oòrùn Káábà yẹn. Rárá o. Tẹ́ ẹ bá wo inú férémù fàdákà náà dáadáa, wóró òkúta bíi mẹ́jọ lẹ máa rí, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èso dàbínù lọ, tí wọ́n fi ohun ìlẹ̀mọ́ dúdú so pọ̀. Ètè àti àtẹ́lẹwọ́ àwọn mùsùlùmí ti fọ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi ń dán. Lọ́dún 2021, àwọn aláṣẹ Sáúdì fi wákàtí 7 ya 1,050 àwòrán rẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú àwòrán yẹn, òkúta náà kò dúdú bí èédú. Pupa ń bẹ nínú dúdú rẹ̀. Burckhardt, arìnrìn-àjò ọmọ Switzerland tó dé Mẹ́kà ní 1814, ti kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ní òun rí tóótòòtó funfun àti ofeefee lára rẹ̀.

Paul Partsch, onímọ̀ òkúta ará Vienna, ló fara mọ́ ọn ní 1857 pé ojú sánmà ló ti wá. Àbá yẹn ni àbúrò yín gbọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà ibẹ̀ nìyí. Lọ́dún 930, àwọn Qarmatian, ẹgbẹ́ Ṣíà kan tí Abu Tahir jẹ́ olórí wọn, wọ Mẹ́kà, wọ́n sì jí òkúta náà gbé lọ. Ó tó nǹkan bí ọdún 22 kó tó padà. Àwọn òpìtàn ìgbàanì kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀ ni pé ó léfòó lójú omi. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ló léfòó, òkúta ojú sánmà kì í léfòó, ìbáà jẹ́ èyí tó ní irin nínú, ìbáà jẹ́ èyí tí kò ní. Èyí tó jẹ́ kìkì irin kì í sì í fọ́ sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 1974, àwọn onímọ̀ òkúta méjì, Dietz àti McHone, ní agate ni wọ́n rò pé ó jẹ́, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Agate ni òkúta táwọn Lárúbáwá ń pè ní akiki, tí wọ́n ń fi sí òrùka. Ìbátan òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà n'Ílọrin ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Elsebeth Thomsen, onímọ̀ òkúta ará Denmark, ní 1980. Ó ní ẹ wo Wabar, ihò tí irin ojú sánmà gbẹ́ sínú aṣálẹ̀ Rub al-Khali, nǹkan bí 1,100 kìlómítà sí Mẹ́kà. Ooru rẹ̀ yọ́ iyanrìn di gíláàsì: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ó ń dán, inú rẹ̀ funfun, afẹ́fẹ́ sì há sínú rẹ̀ débi pé òmíràn lè léfòó. Gbogbo rẹ̀ bára mu rẹ́gí. Àfi ọjọ́ orí. Ìwádìí tó jáde ní 2004 ní ihò Wabar kò ju bíi 300 ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti fẹnu ko òkúta yìí ní ohun tó lé ní 1,300 ọdún sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn álùfáà wa pé kí wọ́n yéé fi àbá ojú sánmà ti hadíìsì Tirmidhi lẹ́yìn, èyí tó ní láti ọgbà ìdẹ̀ra ló ti sọ̀kalẹ̀, pé ó funfun ju wàrà lọ kí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ Ádámọ̀ tó sọ ọ́ di dúdú. Ìgbàgbọ́ wa nìyẹn, kò nílò òpó tó lè wó lọ́la.

Umar gan-an, kálífà kejì, kò fi bò nígbà tó dúró níwájú rẹ̀, Bukhari ló gbà á wá: “Mo mọ̀ pé òkúta ni ọ́, o ò lè ṣeni ní ibi, o ò sì lè ṣeni ní oore. Ká ní mi ò rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó fẹnu kò ọ́ ni, mi ò ní fẹnu kò ọ́.”

Ní ti màmá, Háàjì wọn pé. Sunna ni fífọwọ́ kàn án, kì í ṣe òpó Háàjì. Ẹni tí kò bá ráyè dé ibẹ̀ yóò nawọ́ ọ̀tún sí i, yóò ní “Allāhu Akbar,” yóò máa yí lọ. Ànábì fúnra rẹ̀ ti yí Káábà lórí ràkúnmí. Gbogbo ìgbà tó bá kan igun yẹn, ohun ọwọ́ rẹ̀ ló ń nà sí i, tó ń ṣe Allāhu Akbar. Ẹ bá mi kí màmá.