Kí ló ń gbálẹ̀ lábẹ́ Hilux yín?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Hilux 2012 oní-fọ́-wíìlì ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.7 tó ń lo pẹtiróòlù, táyà 265/70R16 ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ìgboro Ìbàdàn ni mo ti ń lò ó: ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ó ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di Sátidé, mo máa ń gbé e lọ kó gààrí ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìgbó-Ọrà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dáa rárá, abẹ́ ọkọ̀ a máa gbálẹ̀ gbàà. Ẹnì kan tó ń ta páàtì ní kí n gbé ọkọ̀ náà sókè ní ínǹṣì mẹ́rin, pé kí wọ́n ti sípésà bọ iwájú, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹ̀yìn, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Ṣé kí n ṣe é? Àbí irú èwo ló yẹ ọkọ̀ tí èèyàn ń wà lójoojúmọ́? Màmá mi tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún náà ń wọ ọkọ̀ yìí o.

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kí Sátidé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ ní kí wọ́n fọ abẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa, kí ẹrẹ̀ àti epo tó ti gbẹ mọ́ ọn kúrò. Ẹ wá gbé e lọ sí Ìgbó-Ọrà bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ sì padà wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹnì kan tẹ́ páálí sílẹ̀, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ha irin kò ní fara pa mọ́: ìpẹtà ibẹ̀ á ti ṣí, irin á máa dán bí ojú ọkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé. Ibi tó ń dán yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ sókè ni kò mọ ohun tó ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn Hilux, irin gbọọrọ kan ló so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì. Ákísù là ń pè é. Dífù wà láàárín rẹ̀, ó yọ sísàlẹ̀ bí gẹ̀gẹ̀. Ara ọkọ̀ ló jókòó lórí sípíríǹgì; ákísù ní tirẹ̀, táyà ló gbé e. Nítorí náà, ẹ gbé ara ọkọ̀ sókè ní ínǹṣì mẹ́rin, ẹ gbé e ní mẹ́wàá, ibi tí dífù ẹ̀yìn wà náà ló máa wà. Lójú ọ̀nà oko tí àwọn lọ́rì ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ti fẹsẹ̀ wa kòtò méjì sí, tí ilẹ̀ àárín wá ga bí ebè, dífù ló sábà máa ń gbá ebè yẹn. Bó bá jẹ́ òun ló ń dán, kò sí sípíríǹgì tó lè bá yín gbé e. Táyà tó ga ju ti ìsinsìnyí lọ nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 265/70R16 ga tó nǹkan bíi mìlímítà 777 láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀. 265/75R16, tó lè wọ rímù yín kan náà, ga tó 804. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 27, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ló máa bọ́ sábẹ́ ákísù, ìyẹn ni pé dífù á fi bíi mìlímítà 13 kúrò nílẹ̀ sí i. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ bí irin ṣe ń ha òkúta mọ̀ pé mìlímítà 13 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kó kọjá àti kó há. Táyà yìí ni mo máa fọwọ́ sí fún yín, n kò sì ní kí ẹ kọjá rẹ̀, torí bí táyà bá ṣe ń tóbi ni ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì á máa ṣiṣẹ́ sí i. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ yí sítíárìn tán sọ́tùn-ún, ẹ yí i tán sósì, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ha mọ́gáàdì. Ẹ sì fi sọ́kàn pé bí mítà ìsáré bá ń fi 100 hàn yín, nǹkan bíi 103 lẹ ń sá gan-an. Títí ẹ ó fi rà á, ẹ má fi ẹsẹ̀ méjèèjì bọ kòtò tí lọ́rì wà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀kan gun orí ebè àárín, kí ìkejì máa gba etí ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ pé ṣáásì (egungun ọkọ̀), irin ìgbẹ́sẹ̀ ẹ̀gbẹ́, ìkọ́ ìfàkọ̀ ẹ̀yìn tàbí páànù tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń dán, ìgbà yẹn ni gbígbé ọkọ̀ sókè wúlò, nítorí ara ọkọ̀ ni gbogbo wọn so mọ́.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gba tépù. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ẹrù nínú rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn rímù lọ sókè tààrà dé etí mọ́gáàdì. Ẹ ṣe é fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà á dà á rú fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Hilux mìíràn tó jẹ́ irú tiyín, tí kì í ru ẹrù púpọ̀, kí ẹ wọn òun náà. Sípíríǹgì tó ti ń ru gààrí láti ọjọ́ yìí wá á ti rẹ̀ ẹ́. Mo ti rí Hilux tó jẹ́ pé sípíríǹgì tuntun tó bá ti iléeṣẹ́ mu nìkan ló dá gíga ínǹṣì kan padà fún un, ẹni tó ni ín sì lọ láìra ohunkóhun mìíràn.

Ínǹṣì mẹ́rin tí wọ́n fi lọ̀ yín ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Sípésà jẹ́ irin róbótó kan tí wọ́n ń tì sáàárín orí ṣọ́ọ̀kì iwájú àti ṣáásì. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ yẹn náà lẹ ṣì máa lò, ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ yẹn náà ni. Wọ́n kàn ti gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ni. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ áàmù ìsàlẹ̀ (irin bí apá tó so táyà mọ́ ṣáásì) kò sì dé ìdí táyà, nítorí náà irin tó nípọn ní mìlímítà 25 lè gbé imú ọkọ̀ ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí á kó irin jọ kọjá bó ṣe yẹ.

Ibi tó ti ń ṣe ìpalára jù ni ṣáfùtì kékeré méjèèjì tó ń yí táyà iwájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríkèé, rọ́bà oníṣẹ́po ló bo oríkèé náà, gíríìsì ló sì wà nínú rẹ̀. Bí imú ọkọ̀ bá ti ga jù, ṣáfùtì á dagun, rọ́bà á fún pọ̀ lápá kan, á máa ha ara rẹ̀ bó ṣe ń yí. Ẹ má rò pé ìgbà tí ẹ bá fi sí fọ́-wíìlì nìkan ni. Lára Hilux tí kò ní họ́ọ̀bù tí wọ́n ń fọwọ́ tú níwájú, táyà ló ń yí ṣáfùtì náà kiri ní gbogbo ọjọ́, títí kan ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ yín.

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ wá bá mi nígbà òjò. Ó ní bóun bá ti ń ṣẹ́ kọ́nà, nǹkan á máa dún tá-tá-tá níwájú. Kí n tó ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀ ni mo ti mọ̀: gíríìsì dúdú ti fọ́n sára inú rímù yípo, bí ẹni pé èèyàn fọwọ́ ra á. Rọ́bà ti ya, iyanrìn ti wọ oríkèé, ó ti jẹ ẹ́. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn, búlọ́ọ̀kù méjì, irin tí wọ́n ń tì sáàárín sípíríǹgì àti ákísù, ni wọ́n tò léra lápá kọ̀ọ̀kan. Inú bí mi gan-an. Búlọ́ọ̀kù ń mú sípíríǹgì jìnnà sí ákísù, bí ọkọ̀ bá wá ń fi ẹrù gun òkè, ákísù á fẹ́ yí ara rẹ̀ po, sípíríǹgì á máa lọ́ bí ejò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to búlọ́ọ̀kù léra lábẹ́ ọkọ̀ yín láé.

Gíga púpọ̀ tún ní ewu tirẹ̀ lójú títì márosẹ̀. Ọkọ̀ tó ru àpò gààrí ti ga lórí tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ínǹṣì mẹ́rin kún un, kí ọlọ́kadà já wọ iwájú yín lójijì, kí ẹ sì fẹ́ yà fún un: àwọn ọmọ ló wà lẹ́yìn.

Fún ọkọ̀ tí ẹ ń wà lójoojúmọ́, mìlímítà 40 sí 50, tó jẹ́ bí ínǹṣì méjì, ni kí ẹ dúró sí. Kí ẹ sì ṣe é lódindi: sípíríǹgì tuntun àti ṣọ́ọ̀kì tuntun tó bára wọn mu, níwájú àti lẹ́yìn. Kọjá 50, ẹ ó nílò áàmù òkè tuntun, torí ibi tí aláímẹ́ǹtì (títo táyà kó dúró gún) ti ń rí gíga náà tún ṣe á ti tán. Àwọn ará Ọsirélíà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí Hilux náà ni wọ́n fi ń la aginjù wọn kọjá. Old Man Emu tí ARB ń ṣe, Ironman àti TJM, ará ibẹ̀ ni wọ́n. Ẹ má ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó mọ iye kòtò tó ti jẹ níbi tó ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà Ladípọ̀ lẹ ti máa rà á, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí, kó bá ti ara irin mu, kí ẹ gba rìsíìtì.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ yàn jù. Wọ́n ń tà á gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó máa ń wà nínú ọkọ̀ ṣe wúwo tó: èyí tí kì í ru nǹkan, èyí tó ń ru níwọ̀nba, èyí tó ń ru kìlógíráàmù 500 nígbà gbogbo. Òǹtajà á fẹ́ fún yín ní èyí tó le jù, pé gààrí lẹ ń kó. Ẹ má gbà. Ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ yín ń rìn lófìfo. Sípíríǹgì tó le kò ní tẹ̀ lórí kòtò bí kò bá sí ẹrù. Ìdí ọkọ̀ á máa fò sókè, táyà ẹ̀yìn á máa kúrò nílẹ̀, orí àwọn ọmọ á máa gbá òrùlé. Èyí tó ń ru níwọ̀nba ni kí ẹ mú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹrù Sátidé má kọjá ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ kọ sára ọkọ̀, nítorí sípíríǹgì tuntun kò sọ bíréèkì tàbí ṣáásì di tuntun. Hilux a máa dìde lẹ́yìn díẹ̀ láti iléeṣẹ́, kó lè tẹ́jú bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí iwájú bá gba 50, ẹ̀yìn lè gba 40.

Ẹ dúró ti ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni búùṣì, rọ́bà tó wà ní ojú áàmù àti ní ojú sípíríǹgì. Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, wọn ò gbọdọ̀ fún bóòtù rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá fún un nígbà yẹn, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́, lílọ́ náà lá sì wà títí tó fi máa ya. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n mì ín dáadáa, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fún gbogbo rẹ̀ pa.

Ìkejì ni fáàfù bíréèkì. Ọ̀pọ̀ Hilux ìgbà yẹn ní fáàfù kan lókè ákísù ẹ̀yìn, ọ̀pá tín-ín-rín kan so ó mọ́ ákísù. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá náà á sọ fún un pé kó fún ẹ̀yìn ní bíréèkì sí i. Bí ẹ bá wá gbé ara ọkọ̀ sókè tí ẹ kò tún ọ̀pá náà ṣe, fáàfù á máa rò pé ọkọ̀ ṣófo nígbà gbogbo, bíréèkì ẹ̀yìn á dín kù, ìdúró ọkọ̀ á sì gùn. Bí tiyín bá ní in, kí wọ́n fi irin tó yẹ sún un ní ìwọ̀n tí ẹ fi gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì wò ó bóyá okùn bíréèkì ẹ̀yìn kò nà jù. Ọkọ̀ ọ̀dọ́kùnrin yẹn, wọn kò fọwọ́ kan èyí rárá.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì tẹ iná iwájú wálẹ̀, kó má baà máa wọ ojú àwọn tó ń bọ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ dá a padà kí wọ́n tún fún yúù-bóòtù ẹ̀yìn, irin tó de sípíríǹgì mọ́ ákísù, pa, nítorí sípíríǹgì tuntun a máa jókòó díẹ̀. Ẹ tún fi tépù wọ̀n ọ́n nígbà náà, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀.

Ní ti màmá, ínǹṣì méjì sí i máa hàn nínú eékún wọn. Bó bá jẹ́ irin ìgbẹ́sẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbálẹ̀, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Ẹ ní kí wẹ́dà gé ìdí rẹ̀, kó gbé e sún mọ́ ṣáásì sí i, kí ẹ wá fi àpótí igi kékeré kan, tó fẹ̀ nídìí tí kò sì ní yẹ̀, sẹ́yìn ọkọ̀. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gùn kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé irin, kí ẹnì kan sì máa di apá wọn mú.