Èsì: Ṣé àwọn ará Ẹsìẹ́ ló gbẹ́ ère òkúta wọn?

Ẹ kú làálàá iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yín, tí ẹ fi béèrè ẹni tó gbẹ́ àwọn ère òkúta tó wà ní ìlú Ẹsìẹ́. Ẹ má kọ ọ́ pé àwọn baba ńlá Ẹsìẹ́ ló gbẹ́ ère yẹn. Ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ sọ pé inú igbó ni àwọn baba ńlá náà ti bá àwọn ère yẹn nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ tẹ̀dó.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni tíṣà béèrè, ẹ lè kọ ìtàn tó ní àlejò ni àwọn ère náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Kí ọmọ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ni.

Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ìrísí wọn, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Wọ́n lé ní 1,000, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, irun wọn ní ọnà lóríṣiríṣi, àwọn kan kọlà, àwọn mìíràn di ohun ìjà mú. Òkúta náà rọ̀, irin máa ń họ ọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ wo irú sùúrù tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ!

Ní ti ọdún: 1933 ni Ramshaw, tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) wò, fi ọ̀rọ̀ àwọn ère náà tó ìjọba létí. 1945 ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni Ẹsìẹ́ wà, nítòsí Òró, ní Kwara, kì í ṣe Ọ̀ṣun tí ẹ kọ sínú ìbéèrè yín.