Ṣé okùn àdúrà máa ń já?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń gbàdúrà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi. Aládùúrà kan ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí n máa jí lóru. Lóru ọjọ́ 19, oorun gbé mi lọ. Ó ní okùn àdúrà ti já, kí n tún un bẹ̀rẹ̀, kí n sì mú ọrẹ àtúnṣe wá. Ó ní bí opó inú Lúùkù 18 ṣe yọ onídàájọ́ lẹ́nu ni kí n yọ Ọlọ́run lẹ́nu títí yóò fi gbà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, arábìnrin mi. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú. Ẹ sùn lọ torí pé ó rẹ̀ yín. Pétérù náà sùn ní Gẹtisémánì. Jésù bá a wí, Ó ní ẹ̀mí ń fẹ́ ṣùgbọ́n ara ṣe aláìlera. Kò bu owó ìtanràn lé e.

Ẹ jẹ́ ká ka òwe náà dáadáa. Onídàájọ́ yẹn kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ka ènìyàn sí. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà ló sú u. Ọ̀rọ̀ Gíríkì tí Lúùkù fi sí i lẹ́nu ní ẹsẹ 5, hypōpiazō, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ni: kí wọ́n gbá ènìyàn lábẹ́ ojú, kí ibẹ̀ wú. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ fi àdúrà ṣe fún Baba yín nìyẹn? Ẹsẹ 6 dé ẹsẹ 8 ni Jésù ti là á yé wa. Bí ìkà bá lè ṣe ẹ̀tọ́ fún opó tí kì í ṣe nǹkan kan lójú rẹ̀, mélòómélòó ni Ọlọ́run yóò ṣe é fún àwọn tí Òun fúnra rẹ̀ yàn. Ìyàtọ̀ ni Jésù ń fi hàn wá. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run rí bí onídàájọ́ yẹn ti gbé òwe náà dorí kodò.

Àwa ló ń rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ 1 fi ní ká máa gbàdúrà nígbà gbogbo, ká má ṣàárẹ̀. Ìforítì ni pé kí a má kúrò lọ́dọ̀ Rẹ̀, kódà bí nǹkan kò bá tíì yí padà. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 12). Ẹ̀gún náà kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ló rí gbà. Ta ló máa sọ pé okùn àdúrà Pọ́ọ̀lù já?

Ọjọ́ 21 yẹn ńkọ́? Inú Dáníẹ́lì 10 ni wọ́n ti ń fà á yọ. Ẹ ka ẹsẹ 12: láti ọjọ́ kìíní gan-an ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Dáníẹ́lì.

Ẹ kò sọ bóyá ọkọ yín ṣì ń lo oògùn. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè ṣèlérí ohun tí àìsàn náà yóò yọrí sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kó dá oògùn dúró nítorí àdúrà, ẹ má gbà. Bí òun náà bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹ má sì san ọrẹ àtúnṣe kankan.

Lálẹ́ òní, ẹ jẹun, ẹ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tún dárúkọ ọkọ yín fún Baba yín. Bó jẹ́ gbólóhùn kan péré lagbára yín ká, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.