Ìbéèrè àti ìdáhùn: Fọ́tò egbò màmá mi dé orí WhatsApp, ta la máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń tajà. Ìyá mi tó wà nílé ní àtọ̀gbẹ, egbò sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń bá a wẹ̀ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ ẹ́ fi fóònù ya fọ́tò egbò náà. Kò pẹ́ tí fọ́tò fi dé orí WhatsApp àdúgbò wa, ẹnì kan sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ayé ló ń jẹ ìyá náà lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà yẹn ìyá mi kò jáde mọ́, kò sì lọ wẹ egbò mọ́. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ọmọ iṣẹ́ òun fẹ́ fi fọ́tò náà bi dókítà kan léèrè ni. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ lọ lu nọ́ọ̀sì yẹn. Èmi ti gbé orúkọ rẹ̀ sórí Facebook, mo fi fọ́tò náà sí i kí ayé lè rí ohun tó ṣe. Ṣé òfin gbà kí wọ́n máa ya aláìsàn ní fọ́tò? Ibo la ti lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti pa fọ́tò náà rẹ́ lórí fóònù mi. N kò nílò rẹ̀ kí n tó dáhùn, kò sì jọ pé màmá ló ní kí ẹ fi hàn mí. Màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀, nítorí ẹjọ́ lè dúró, ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í dúró deni. Àtọ̀gbẹ máa ń ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ìrora jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Egbò lè ti jinlẹ̀ dé egungun, kí màmá ṣì máa sọ pé kò dun òun. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn fọkàn balẹ̀, ojú ni kí ẹ fi wò ó. Bí egbò bá ń rùn, bí etí rẹ̀ bá ń dúdú, bí ẹsẹ̀ bá wú tó sì gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ, tàbí bí ibà bá mú màmá tó ń gbọ̀n, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ òru. Púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí a ń gé, egbò tí wọ́n pa tì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ní dandan ni kó padà síbi tí wọ́n ti dójú tì í. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ gba carnet rẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú rẹ̀ sí, lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e lọ síbòmíràn, tàbí kí ẹ bẹ nọ́ọ̀sì mìíràn kó máa wá wẹ̀ ẹ́ nílé. Ọ̀la ni kí ẹ ṣe èyí, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan.

Ó wá ku fọ́tò. Yíyà á nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ohun tí ọ̀gá yẹn sọ sì lè jẹ́ òótọ́. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Kétu tí egbò rú lójú lè ya fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí dókítà ní Pobè tàbí ní Àjàṣẹ́ níbí, kí ìyẹn sọ fún un pé fi oògùn yìí sí i, tàbí pé gbé e wá kíá. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti yọ lọ́wọ́ ayùn. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń yà á. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ó kọ́kọ́ bi aláìsàn, ní èdè tó gbọ́: “Màmá, mo fẹ́ ya egbò yìí kí n fi han dókítà báyìí báyìí, ṣé ẹ gbà?” Bó bá ní òun kò gbà, ẹ ó máa wẹ egbò yín lọ láìfajúro. Bó bá gbà, ẹ ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ ó ká ìró rẹ̀ kúrò níbi tí fóònù lè rí i, ẹ ó fi pépà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ ó fi ránṣẹ́ sí. Bó bá ti dáhùn, tí ẹ ti kọ ohun tó sọ sínú fáìlì, ẹ ó pa á rẹ́.

Ìró tí mo dárúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ àwa oníṣègùn ni kì í kà á sí. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi tí orí aláìsàn kò sí níbẹ̀, ẹni tó yà á á sì rò pé òun ti bo àṣírí. Àǹkárá tí gbogbo ẹbí jọ rà fún òkú àgbà lọ́dún tó kọjá wà lára obìnrin náà ketekete, etí búláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí náà wà níbẹ̀. Ní ìlú bíi Kétu, ta ni kò ní mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé fọ́tò jáde kúrò láàárín ẹni tó ń tọ́jú àti ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ìbúra Geneva tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé gbé kalẹ̀ lọ́dún 1948, lẹ́yìn tí ayé ti rí ohun tí àwọn dókítà kan ṣe lábẹ́ Hitler ní Jámánì, ní kí dókítà pa àṣírí aláìsàn mọ́; lọ́dún 1968 wọ́n fi kún un pé kódà lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti kú. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe lọ́dún 2017, gbólóhùn yẹn kò kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn dókítà ti ní òfin ìwà iṣẹ́ tiwọn láti ọdún 1973. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé dókítà nìkan ni àṣírí dè. Code pénal ọdún 2018, ìwé òfin ọ̀daràn, mú gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó gbọ́ àṣírí: nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹni tó ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, títí kan ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Code du numérique, òfin ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, tún ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ẹni tó gbé e síta bá tiẹ̀ ní ká bá màmá gbàdúrà, ìyẹn kò yí i padà.

Àwọn ìgbà kan wà tí àṣírí máa ń jáde: bí adájọ́ bá pàṣẹ, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, bí àrùn bíi Lassa tàbí kọ́lẹ́rà bá bẹ́ sílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Ìjọba la ń sọ fún o, kì í ṣe àdúgbò. Egbò àtọ̀gbẹ kò sí nínú gbogbo ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra lórí ohun kan. Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ló yà á, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yín ẹ kò sọ pé ẹ rí i pé òun ló gbé e sí ẹgbẹ́ àdúgbò. Ó lè ti ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tàbí kí ọmọ tó ń fi fóònù rẹ̀ ṣeré ti fi ránṣẹ́. Ìyẹn kò dá a láre, nítorí ẹni tó ya fọ́tò ló yẹ kó ṣọ́ ọ. Àmọ́ nínú ìwé tí ẹ máa kọ, ohun tí ẹ rí nìkan ni kí ẹ kọ.

Wàyí o, ta ló ni àṣírí yìí? Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ náà. Màmá ló ni ín. Orí rẹ̀ pé, ó ń sọ̀rọ̀, nínú gbogbo lẹ́tà yín n kò sì rí ibi tí ẹ ti bi í pé kí ló fẹ́. Ó lè ní òun fẹ́ kí ìjọba gbọ́. Ó lè ní kí ẹ jẹ́ kó parí, kí nọ́ọ̀sì ṣáà wá bẹ òun. Fọ́tò tí ẹ gbé sórí Facebook, àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ àdúgbò náà ti wá rí i báyìí. Ẹ yọ ọ́ lónìí, orúkọ nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú. Òfin Code du numérique tí ẹ máa gbé ẹjọ́ lé lórí kan náà ní ìyà fún ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì yọ ẹlòmíràn lẹ́nu, lọ́yà nọ́ọ̀sì náà kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá sọ fún àbúrò yín kó fọwọ́ wọ́nú. Bó bá fọwọ́ kan nọ́ọ̀sì yẹn, màmá tó yẹ kó jẹ́ olùfisùn á di ìyá ẹni tí wọ́n ń fi sùn.

Ẹ̀rí ńkọ́? Kí ẹgbẹ́ tó pa fọ́tò rẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ṣe capture ojú fóònù, kí orúkọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá lówó rẹ̀, huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀ fún ẹ̀rí, lè wò ó kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé huissier máa ń níyì nílé ẹjọ́ ju capture lọ.

Bí màmá bá ní ká lọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú iṣẹ́ tí ẹni tó ya fọ́tò náà ń ṣe gan-an, nítorí gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun là ń pè ní dókítà. Ordre National des Médecins, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, kò lè dá sí ẹjọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti aide-soignant, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Dókítà nìkan ni tiwọn, wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí láé. Ní ti yín, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan ní èdè Faransé, kí màmá fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwòsàn, kí ẹ fún médecin coordonnateur zone sanitaire Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu, dókítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera agbègbè náà, ní ẹ̀dà. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èmi ì bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti fọ́tò orí WhatsApp gan-an, APDP ní Kútọnu ni ìjọba fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ àdáni àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn. Bí màmá bá fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà tàbí kí wọ́n san nǹkan fún òun, kọmíṣáríà tàbí procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, ní Pobè ni, kí ọ̀rọ̀ lè dé ilé ẹjọ́, nítorí kò sí èyíkéyìí nínú àwọn tókù tó lè ní kí wọ́n san owó fún un.

Mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Wọ́n á rán àgbààgbà wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí màmá fi jin Ọlọ́run. Bó bá wù ú, kó gbà. Àmọ́ kí ó béèrè ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe: kí nọ́ọ̀sì dárúkọ gbogbo ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí, kí wọ́n pa á rẹ́ lójú rẹ̀, kí ọ̀gá ilé ìwòsàn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ admin ẹgbẹ́ àdúgbò lágbára láti pa ohun tí ẹlòmíràn fi síbẹ̀ rẹ́. Kó ṣe é, kó sì kọ nǹkan kan fún àwọn tí fọ́tò ti wọ fóònù wọn. Kí wọ́n má ṣe sọ pé àtọ̀gbẹ ni kì í ṣe ayé o, torí àìsàn màmá náà àṣírí ni. Ohun tí wọ́n máa kọ kò ju èyí lọ: “Fọ́tò ẹsẹ̀ tó wọ ibí kò yẹ kó wọ ibí. Ẹ pa á rẹ́ nínú fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.”