Ìdí tí ìṣẹ́po kilt yín fi ń ta síta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ti lọ ìṣẹ́po ẹ̀yìn kilt yín, síkẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po tí àwọn ọkùnrin Skọ́tíláńdì ń wọ̀, títí, síbẹ̀ ó ń là bí agboòrùn lábẹ́ ìdí. Áyọ́ọ̀nù ò lè yanjú ẹ̀. Ìgbáròkó kilt náà ló fún jù: ara ń fa aṣọ, ibi tí rírán ìṣẹ́po parí sí ló sì ti ń ṣí.

Tí kò bá là àfi nígbà tí ẹ wọ̀ ọ́ nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá a mu. Ẹ kọ́kọ́ dẹ bẹ́líìtì kékeré tó wà ní ìgbáròkó, bí kilt yín bá ní in. Tó bá ń là lórí hángà pẹ̀lú, ọwọ́ aránṣọ ni.

Ẹ tú inú ẹ̀ wò. Kilt tí wọ́n fi aṣọ yáàdì 8 rán máa ń di òkìtì aṣọ lẹ́yìn. Aránṣọ Skọ́tíláńdì tó mọṣẹ́ á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ìṣẹ́po mọ́ra wọn nínú, á gé èyí tó pọ̀ jù lókè kúrò, á wá rán kánfáàsì, aṣọ líle, mọ́ ọn. Kánfáàsì yẹn ló ń gbé ìwúwo aṣọ, kì í ṣe òwú ìta. Ibi tí àwọn tó ń ta olówó pọ́ọ́kú ti ń fo iṣẹ́ nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Láti ìgbáròkó lọ sókè sí ìbàdí nìkan ni ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ ti máa tínrín. Nísàlẹ̀ ìgbáròkó, kí etí ẹ̀ tẹ̀lé òwú aṣọ gbọọrọ. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, yóò ta síta.