Kí ẹ tó fín orúkọ sára ife yẹn: Aruna, Toriola àbí Musa?

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹgbẹ́ tẹníìsì orí tábìlì yín ní Òkèpópó ti ra ife tuntun, ẹ sì fẹ́ fi orúkọ ọmọ Nàìjíríà tó pegedé jù lọ nínú eré náà sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní Quadri Aruna, àwọn kan ní Segun Toriola, àwọn àgbà sì fàáké kọ́rí pé Atanda Musa ni. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé kí gbogbo ẹgbẹ́ dìbò ni, àbí kí ẹ yan ìgbìmọ̀.

Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ogún ọdún ti ń ju àga lu ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn ko irú rẹ̀. Kì í ṣe ìdìbò ló ń ba nǹkan jẹ́. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ dá ni. Bí ẹ bá ti dárúkọ èèyàn kí ẹ tó dá òṣùwọ̀n, olúkúlùkù á lọ wá òṣùwọ̀n tó bá ẹni tirẹ̀ mu. Ti Toriola á ní iye Òlíḿpíìkì ni ká kà. Ti Aruna á ní ipò lágbàáyé ni. Ti Musa á ní ẹ ò tíì dáyé nígbà náà, kí lẹ mọ̀? Òótọ́ wà lẹ́nu gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi ní sẹ́ni tó máa gbà fún ẹnì kejì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nítorí náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó jókòó, ẹ kọ òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ máàkì 100. Bí mo ṣe máa ń pín in nìyí: 30 fún ibi gíga jù lọ tí eléré dé, 25 fún àwọn ọ̀gá àgbáyé tó nà, 20 fún bó ṣe pẹ́ tó lókè, 15 fún ohun tó gbà ní Áfíríkà, 10 fún eré oníméjì àti ti ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Ẹ lè yí i padà bó ṣe wù yín, àmọ́ kí ẹ ti yí i tán kí ẹnikẹ́ni tó lanu dárúkọ. Òfin kan ṣì kù: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mú ohun mẹ́rin wá, ọdún, ìdíje, ẹni tí wọ́n jọ gbá á, àti ìpele tó jẹ́. Bí ọ̀kan bá kù, kí adájọ́ fa igi lé ọ̀rọ̀ yẹn. "Ó nà wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà yẹn" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibi tó le gan-an ló kàn yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn ti ń fọ́. Eré tí Musa gbá kọ́ ni Aruna ń gbá. Orúkọ ló jọra.

Bọ́ọ̀lù mílímítà 38 ni gbogbo ayé ń lò títí Òlíḿpíìkì Sydney 2000 fi parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di 40. Bọ́ọ̀lù tó tóbi máa ń falẹ̀ díẹ̀, kì í sì í yí tó kékeré. Ní 2001, géèmù tó ń parí ní póìntì 21 di 11. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnì kan á sáfù, ìyẹn ni pé á gbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ póìntì, lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó kan ẹnì kejì. Ó wá di méjì-méjì. Ìyẹn nìkan tó láti yí ẹni tó máa wọlé padà. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbóná lè fi póìntì mẹ́fà sílẹ̀ nínú géèmù 21 kó sì tún bá a. Nínú géèmù 11, bó bá fi máa jí, géèmù ti lọ.

Ní 2002 ni wọ́n fòfin de kéèyàn máa fi apá tàbí ara bo bọ́ọ̀lù tó bá ń sáfù. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó dúró lódìkejì kì í rí ibi tí rọ́bà ojú pátákó tí wọ́n fi ń gbá a ti kan bọ́ọ̀lù, kò mọ̀ bóyá ó ń yí síwájú tàbí sẹ́yìn títí tó fi máa bà sórí pátákó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀ olóòórùn, èyí tí wọ́n máa ń kùn sábẹ́ rọ́bà kí wọ́n tó wọlé gbá. Ó máa ń mú kí fóòmù abẹ́ rọ́bà wú, bọ́ọ̀lù á wá máa ta jáde bí ọta. Ọdún 2008 ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní 2014, bọ́ọ̀lù oníke gba ipò bọ́ọ̀lù sẹ́lúlọ́ìdì, yíyí bọ́ọ̀lù sì tún dín kù sí i.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wàyí. Ọmọkùnrin kan á gbé fóònù sókè, á fi fídíò Aruna hàn, á ní ẹ wo bí eléyìí ṣe ń na bọ́ọ̀lù. Bàbá kan á dìde, á ní bọ́ọ̀lù Musa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù, rọ́bà àti òfin ni wọ́n ń fi wéra, kì í ṣe èèyàn. Ẹ má gba fídíò láàyè rárá ní ọjọ́ yẹn. Ohun tí ẹ máa béèrè nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ni pé: láàárín àwọn tí wọ́n jọ lo bọ́ọ̀lù kan náà lábẹ́ òfin kan náà, àwọn wo ló nà, àwọn mélòó ló sì ga jù ú lọ? Ìbéèrè yìí nìkan ló lè mú Musa àti Aruna jókòó sórí ìjókòó kan náà. Àwọn tó ń jà lórí Waldner ará Sweden àti Ma Long ará Ṣáínà náà ń bọ́ sí kòtò kan náà. Bọ́ọ̀lù 38 àti géèmù 21 ni Waldner fi gba wúrà Òlíḿpíìkì 1992. Bọ́ọ̀lù ńlá àti géèmù 11 ni Ma Long fi gba ti 2016 àti ti Tokyo.

Ibí yìí náà ni agbára Toriola wà, àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ kì í sì í sábà sọ ọ́. Wọ́n á kàn máa pariwo pé Òlíḿpíìkì méje, láti Barcelona 1992 dé Rio 2016. Òótọ́ ni, òun sì ni ọkùnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é. Àmọ́ ohun tó wúwo jù níbẹ̀ ni pé ó la gbogbo àyípadà tí mo kà sókè yìí kọjá: bọ́ọ̀lù mẹ́ta, oríṣi géèmù méjì, sáfù tuntun, lẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ eléré ni ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sọ di ẹni àná. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní máàkì lórí pípẹ́, ìyẹn ni kí ẹ wò, ẹ má ka iye ìgbà tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Iye Òlíḿpíìkì fúnra rẹ̀ máa ń rẹ́ni jẹ. Seoul 1988 ni tẹníìsì orí tábìlì kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì. Musa ti ń gbóná kó tó di ìgbà náà, báwo ni ẹ ṣe máa fi iye Òlíḿpíìkì dá a lẹ́jọ́? Ti Commonwealth tún burú jù. Ìdíje méjì ló wà. Commonwealth Games, tí eré yìí kò wọ̀ títí di Manchester 2002, níbi tí Toriola ti gba wúrà ẹlẹ́nì-kan. Àti ìdíje Commonwealth ti tẹníìsì orí tábìlì nìkan, tó ti wà láti 1971, tí Musa sì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ẹ máa gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé "Musa ò gba wúrà Commonwealth Games rí". Kò sí eré náà níbẹ̀ nígbà tirẹ̀! Ẹ kọ ọ́ sára ògiri bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ipò lágbàáyé náà ńkọ́? Aruna dé ipò 10 ní oṣù karùn-ún 2022, ọmọ Áfíríkà kankan kò sì tíì dé àárín ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà náà wé ti ẹni tó gbá ṣáájú 2018. Láti oṣù kìíní ọdún yẹn, èsì mẹ́jọ tó dára jù láàárín oṣù méjìlá ni àjọ àgbáyé, ITTF, fi ń ṣírò ipò. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí eléré nà bá ṣe ga tó ni póìntì rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Lábẹ́ ètò tuntun, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ló ń kó póìntì. Ẹni tí wọn ò fún ní físà tàbí tí kò rówó ọkọ̀ á máa já wálẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ dá ṣáṣá.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ méjì: "àkọ́kọ́" àti "nìkan ṣoṣo". Ní Rio 2016, Aruna na Chuang Chih-yuan ará Taiwan, ó na Timo Boll ará Jámánì, Ma Long tó padà gba wúrà ló dá a dúró láàárín ẹni mẹ́jọ tó ṣẹ́kù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀ nínú eré ẹlẹ́nì-kan. Kì í ṣe òun nìkan ṣoṣo mọ́: Omar Assar ará Íjíbítì débẹ̀ ní Tokyo, ó tún débẹ̀ ní Paris 2024. Bí agbẹnusọ Aruna bá sọ pé "nìkan ṣoṣo", àwọn tó wà lódìkejì á yọ Assar síta, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dà bí irọ́, bẹ́ẹ̀ tó bá sọ pé "àkọ́kọ́" ni, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Kí ó má sì fi èyí tó korò pamọ́. Olajide Omotayo, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, nà án nínú àṣekágbá Eré Áfíríkà 2019 ní Rabat. Fàdákà ló gbà ní Commonwealth Games 2018. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹni tirẹ̀ ti ṣubú ni àwọn adájọ́ máa ń gbà gbọ́.

Nǹkan kan ń dùn mí nínú ìwé yín. Ẹ ní "ọmọ Nàìjíríà tó pegedé jù lọ", ẹ wá dárúkọ ọkùnrin mẹ́ta. Funke Oshonaike, ọmọ Èkó, lọ sí Òlíḿpíìkì méje, Atlanta 1996 títí dé Tokyo, òun ló gbé àsíá Nàìjíríà wọ pápá ní Rio. Bose Kaffo náà gbá eré yìí fún Nàìjíríà. Ó yẹ kí wọ́n wà lórí ìwé máàkì náà, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ "ọkùnrin" sínú àkọlé kí ẹ má tan ẹnikẹ́ni.

Ní ti àkọsílẹ̀, ẹ má dúró de ọ́fíìsì kankan. Wọ́n á ní kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Túẹ́sìdeè, ọ̀gá ò sí ńlé. Àwọn tí ìjọba ń san owó fún láti tọ́jú èsì eré wa kò tọ́jú rẹ̀, inú mi kì í dùn sí i rárá, torí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn eléré wọ̀nyí ló ń sọnù. Èsì àgbáyé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ITTF. Ti àtijọ́, ìwé ìròyìn inú ilé ìkàwé ní Yábàá tàbí Akọka ni kí ẹ ṣí, kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé pẹ̀lú déètì rẹ̀. Ẹ má sì pe aláṣẹ eré kankan wá ṣe adájọ́. Ó ní ẹni tó bá jọ rìn, ó ní ẹni tó bá ṣẹjọ́.

Àwọn kan á mú ife Aṣojú Ọba wá, èyí tí Olóyè Molade Okoya-Thomas dá sílẹ̀ fún àwọn eléré Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ ni ife yẹn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn, mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, àmọ́ kò sí òṣùwọ̀n tirẹ̀ nínú 100 yìí. Ibi tí igi ti hù kọ́ ni a ń wọ̀n, bó ṣe ga tó ni.

Alága, aago, omi, ẹ mọ ìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún agbẹnusọ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ta tẹ́tẹ́ lé e. Owó ni ó ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdìbò tí ẹ béèrè: rárá. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá dìbò, iye ọ̀dọ́ àti iye àgbà tó wà lójú ìjókòó lẹ máa kà, ẹ ò ní ka eléré kankan. Ẹ yan adájọ́ méje: àgbà méjì tó fojú rí Musa, méjì tó mọ ìgbà Toriola, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́, àti obìnrin kan tó ń gbá eré náà. Kí olúkúlùkù kọ máàkì tirẹ̀ láì fi han ẹnì kejì. Fún eléré kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù, ẹ kó márùn-ún tó kù pọ̀, ẹ pín in sí márùn-ún. Bí ẹni méjì bá dọ́gba, máàkì ibi gíga jù lọ ni kó yà wọ́n. Ẹ lẹ gbogbo ìwé máàkì mọ́ ògiri lọ́jọ́ náà gan-an.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí mo kọ sókè, Aruna ló ń wọlé lọ́wọ́ tèmi. Ó dé àárín ẹni mẹ́jọ tó ṣẹ́kù ní ife àgbáyé 2014, ní Rio 2016, àti ní ìdíje àgbáyé Houston 2021. Kò sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá gbé pípẹ́ sí 35, Toriola á kọjá rẹ̀, mi ò sì ní bá yín jà.

Tó bá wá jẹ́ Aruna ni, ẹ ṣọ́ bí wọ́n ṣe máa fín in. Àwọn ìwé ìròyìn wa máa ń kọ Aruna Quadri, ITTF ń kọ Quadri Aruna. Ẹ fẹnu kò sórí ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá sórí pépà, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó máa fín in, torí ohun tó bá ti wọ ara irin kò ṣeé pa rẹ́.